Sílíkónì Tó Kọ̀ Tí Kò Dì: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Móòdù Kan ní Kubwa

Pátákó igi ọmọ̀ kan ni wọ́n gbé wá. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, fífẹ̀ rẹ̀ 20, ó sì nípọn tó 3 níbi tó ga jù. Ẹlẹ́ṣin kan àti onílù gángan tó ń lùlù fún un ni agbẹ́gilére gbẹ́ sójú rẹ̀. Ẹnì kan tó ní gbọ̀ngàn àríyá ní Gwarinpa l'Abuja fẹ́ ẹ̀dà 18 aláwọ̀ idẹ tí yóò kàn mọ́ ògiri yí ká. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n máa gbẹ́ wọn níkọ̀ọ̀kan, oṣù púpọ̀ ni yóò gbà, ló bá gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní Kubwa tó ń fi móòdù rọ́bà, ohun tó ń gba ìrísí iṣẹ́ kí wọ́n lè da ẹ̀dà rẹ̀ sínú rẹ̀, ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Agbẹ́gilére náà ṣì wà láyé, ó sì ti buwọ́ lùwé pé òun gbà. Bí ìwé yẹn kò bá sí nílẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣí ike sílíkónì, rọ́bà olómi tí wọ́n fi ń ṣe móòdù, rárá, torí Copyright Act 2022 ti Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ ẹni tó dá iṣẹ́ sílẹ̀, dáàbò bo igi gbígbẹ́ bó ṣe dáàbò bo orin àti ìwé.

Àwọn tó gba iṣẹ́ náà kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Ọ̀gá wọn ti pẹ́ nídìí POP àti rẹ́síìnì (ike olómi tó ń le bó bá dì), àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ sílíkónì í wọ̀n, wọ́n mọ̀ ọ́n pò. Síbẹ̀, móòdù àkọ́kọ́ bàjẹ́ pátápátá, sílíkónì tó lé ní kílò méjì sì wọgbó. Ohun tó bà á jẹ́ kéré gan-an, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tú u palẹ̀.

Bí wọ́n ṣe da ti àkọ́kọ́

Sílíkónì tí wọ́n yàn ni èyí tí platinum (irin iyebíye kan) ń mú dì, oní-ike méjì, A àti B, tí wọ́n ń po ní ìwọ̀n kan náà. Èyí tó rọ̀ níwọ̀nba ni, Shore A 20 (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí rọ́bà ṣe rọ̀ tó), èyí tó ṣeé ṣí kúrò lára iṣẹ́ tó ní kòrò. Yíyàn náà dára. Irú sílíkónì yìí kì í sún kì, àsúnkì rẹ̀ kì í tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, móòdù rẹ̀ sì máa ń wà nílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé ó gan. Ẹni tó ni iṣẹ́ sì ti ní òun lè tún béèrè òmíràn lọ́jọ́ iwájú.

Wọ́n fi pílàíwúùdù kan àpótí tí inú rẹ̀ jẹ́ 33 sí 23, tó ga tó 4.2. Wọ́n tẹ́ pátákó náà sáàárín rẹ̀, wọ́n da ìrẹsì gbígbẹ bò ó dé etí, wọ́n wá da ìrẹsì náà padà sínú jọ́ọ̀gì tó ní ìlà ìwọ̀n. Lítà méjì ló kún. Lítà sílíkónì kan máa ń wúwo tó kílò 1.15, nítorí náà kílò 2.3 ni àpótí náà yóò gbà. Wọ́n fi díẹ̀ lé e fún èyí tí yóò kù sára ike, ó di 2.4: 1.2 A, 1.2 B. Ìrẹsì dára fún ìwọ̀n yìí ju omi lọ, torí omi yóò wọ inú igi, igi tó bá sì mumi yóò wú.

Ṣáájú èyí, wọ́n ti fi síílà táwọn kápẹ́ńtà ń lò kun igi náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbẹ. Ó ku àwọn ibi tó là. Igi tó ti ìhà Ọ̀yọ́ wá tó sì bá ọyẹ́ ní Abuja kì í ṣàìlà, ti pátákó yìí sì là láti ẹsẹ̀ ẹṣin dé ìsàlẹ̀, ó tún là lẹ́bàá orí onílù. Bí sílíkónì bá wọ inú irú ihò bẹ́ẹ̀, yóò há síbẹ̀, yóò sì ya nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i. Ọmọ iṣẹ́ kan mú pílásítísíìnì aláwọ̀ ewé, irú èyí tí wọ́n ń tà fáwọn ọmọ ilé ìwé, ó fi dí wọn, ó sì fi àtàǹpàkò ra ojú wọn kó lè dán.

Wọ́n po A àti B fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n ń fi igi pẹlẹbẹ ha ara ike àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n yí i sínú ike kejì tó mọ́, wọ́n tún pò ó. Wọ́n da á láti òkè ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí igun kan, kó lè máa fúnra rẹ̀ ṣàn bo ojú igi, kó sì máa lé afẹ́fẹ́ síwájú. Kò sí àléébù kankan nínú gbogbo èyí.

Ohun tí wọ́n bá láàárọ̀ ọjọ́ kejì

Nígbà tí wọ́n tú àpótí, ẹ̀yìn móòdù náà le dáadáa, kò lẹ̀ mọ́ ìka. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i láti igun. Etí rẹ̀ jáde ní mímọ́ tónítóní. Ara ẹṣin jáde, ìrù rẹ̀ jáde, okùn awọ ara gángan hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe dé ibi tí igi ti là, sílíkónì bẹ̀rẹ̀ sí í fà yọ̀ọ̀ bí ewédú. Ìlà kan tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ wà láti ẹsẹ̀ ẹṣin dé ìsàlẹ̀, òmíràn wà lẹ́bàá orí onílù. Nípọn rẹ̀ kò ju mìlímítà kan lọ, lẹ́yìn rẹ̀ sílíkónì tó le ló wà.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu àwọn ọmọ iṣẹ́ ni pé, "Ọ̀gá, ayédèrú ni wọ́n tà fún yín l'Ékòó o." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń yá lẹ́nu, ayédèrú sì pọ̀ lọ́jà lóòótọ́. Àmọ́ móòdù tó bàjẹ́ máa ń fi ojú ara rẹ̀ sọ ohun tó bà á jẹ́, bí èèyàn bá fara balẹ̀ wò ó kó tó sọ ọ́ sí ààtàn.

Bí sílíkónì bá jẹ́ ayédèrú, tàbí tó ti pẹ́ jù, tàbí tí ìwọ̀n A àti B kò bá dọ́gba, gbogbo rẹ̀ ni yóò rọ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọn kò pò ó dáadáa, ìlà rírọ̀ yóò máa gba inú ara rẹ̀ kọjá káàkiri láìtẹ̀lé àpẹẹrẹ kankan, ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò sì wà níbi tí èyí tí wọ́n ha ní ìsàlẹ̀ ike dà sí. Bó bá jẹ́ òtútù, yóò kàn pẹ́ ni, yóò padà dì. Ṣùgbọ́n bó bá le níbi gbogbo, tó wá jẹ́ pé ojú ibi tó ti fara kan nǹkan kan nìkan ni kò dì, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí awọ, a jẹ́ pé nǹkan tó fara kàn yẹn ló dí i lọ́wọ́.

Ohun tó parí àríyànjiyàn wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ onílù. Ibẹ̀ kò là, wọn kò sì fi pílásítísíìnì kankan síbẹ̀. Síbẹ̀ ojú kan wà nínú móòdù, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn bọ́ sí, tí kò dì. Ó rí roboto, ó gùn díẹ̀, ó sì tóbi tó orí àtàǹpàkò. Nígbà tí wọ́n tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́, ìlà ọwọ́ ẹni tó di ihò hàn nínú rẹ̀. Ó ti fi àtàǹpàkò tó fi ra pílásítísíìnì gbá pátákó mú nígbà tó ń gbé e sínú àpótí. Ohun tó kù sójú igi kò tó nǹkan tí ojú lè rí, ó sì tó láti ba ibẹ̀ jẹ́.

Ìdí rẹ̀, àti ìdánwò tó fi hàn

Ọ̀pọ̀ pílásítísíìnì ló ní imí-ọjọ́ nínú. Ìwọ̀n platinum tó ń mú sílíkónì dì kéré púpọ̀, gíráàmù díẹ̀ péré nínú ẹgbẹ̀rún kílò. Òun ló ń so ohun tó wà nínú A pọ̀ mọ́ ohun tó wà nínú B. Bí imí-ọjọ́ bá kàn án, yóò dì mọ́ ọn, platinum kò sì ní ráyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Nítorí pé platinum náà kéré, imí-ọjọ́ tó kéré tó ti tó láti gbé e dè. Ìdí nìyẹn tí fífi ìwọ̀n B kún un kò fi lè tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni dídúró fún ọjọ́ púpọ̀ kò lè tún un ṣe. Kò ní dì láéláé.

Pílásítísíìnì nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀wọ́ látẹ́ẹ̀sì, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn, ń ṣe é, àti rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó. Sílíkónì tí tíìnì mú dì náà ń ṣe é, kódà búrọ́ọ̀ṣì àti ike tí wọ́n fi po ó rí. Àwọn ẹ̀yà epóksì kan ń ṣe é títí hádẹ́nà (ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kó lè dì) inú wọn yóò fi tán, bẹ́ẹ̀ náà ni rẹ́síìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D. Ìbọ̀wọ́ tó yẹ ni ti náítíráìlì tàbí ti fínáìlì.

Ọ̀gá náà kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ àgbọ́sọ. Ó wọn A gíráàmù 30 àti B gíráàmù 30 láti inú ike kan náà, ó pò ó, ó sì bu díẹ̀ díẹ̀ rẹ̀ sórí nǹkan mẹ́fà: ọ̀rá, pílásítísíìnì, pílásítísíìnì tó ti kun síílà lẹ́ẹ̀kan, ìda oyin, ìbọ̀wọ́ látẹ́ẹ̀sì, ìbọ̀wọ́ náítíráìlì. Lọ́jọ́ kejì, èyí tó wà lórí ọ̀rá, lórí ìda oyin àti lórí náítíráìlì le dáadáa, wọ́n sì bọ́ kúrò wẹ́rẹ́. Ti pílásítísíìnì àti ti látẹ́ẹ̀sì ń lẹ̀ nísàlẹ̀. Ti pílásítísíìnì tó kun síílà dì lápá kan, kò dì lápá kejì, torí síílà ẹ̀ẹ̀kan máa ń fi ojú ihò kéékèèké sílẹ̀. Ìdánwò yìí fi hàn pé sílíkónì náà pé, ẹni tó tà á kò sì jẹ̀bi.

Gíráàmù mẹ́wàá péré, tí wọ́n ìbá fi dán an wò sórí ẹ̀yìn pátákó náà pẹ̀lú pílásítísíìnì kan náà, ìbá gba kílò 2.4 là. Orí ohun gan-an tí a fẹ́ da sílíkónì lé ni kí a ti ṣe ìdánwò yìí, kì í ṣe orí nǹkan tó jọ ọ́. Amọ̀ lásán tí àwọn amọ̀kòkò ń lò, tí wọ́n fi omi pò, kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń là bó bá gbẹ. Ìda oyin tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ fasilíìnì díẹ̀ ló dára jù láti fi dí ihò igi: ó rọ̀, ó ṣeé fi ọ̀bẹ gé, sílíkónì kò sì ní ohunkóhun í bá a jà.

Fífọ pátákó náà

Omi àti ọṣẹ kò lè bọ́ sílíkónì tí kò dì. Wọ́n fi igi pẹlẹbẹ ha èyí tó ṣeé ha, wọ́n fi àkísà gbígbẹ nù ún, wọ́n wá fi àkísà tí wọ́n rẹ sínú white spirit, omi tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà kúrò, nu ìyókù, wọ́n ń yí àkísà padà títí tí kò fi yọ̀ mọ́. Petirólù yóò ṣe iṣẹ́ yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kó wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lo iná mànàmáná. Síílà tí wọ́n ti kun tẹ́lẹ̀ ló gba igi náà là. Bí òróró sílíkónì bá wọ inú igi lọ, fáníìṣì tí wọ́n bá kùn lẹ́yìn náà yóò máa sá sẹ́yìn, yóò ṣojú kéékèèké bí ojú ẹja, kò sì ní bò ó mọ́.

Ohun tó tún burú ju igi lọ ni amọ̀ sísun àtijọ́. Ère irú ti Nok máa ń fa òróró sílíkónì mu, kò sì ní jáde mọ́. Irú ohun bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ àbójútó National Commission for Museums and Monuments, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni da sílíkónì lé e lórí fún ìdí òwò.

Lẹ́yìn tí wọ́n fọ pátákó tán, wọ́n tún fi gíráàmù mẹ́wàá sílíkónì platinum dán ẹ̀rẹ̀kẹ́ onílù wò. Ó ṣì ń lẹ̀. Imí-ọjọ́ ti wà nínú síílà níbẹ̀. Èyí ló mú kí ọ̀gá yí padà sí sílíkónì tí tíìnì ń mú dì. Tíìnì yìí kì í bá imí-ọjọ́ jà. Ó ní àléébù tirẹ̀: ó máa ń sún kì, nǹkan bí ìdá mẹ́ta sí márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, móòdù rẹ̀ sì máa ń gan lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Lára pátákó tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, àsúnkì náà jẹ́ bíi mìlímítà kan. Fún ohun tí wọn yóò kàn mọ́ ògiri, ojú kò lè rí i.

Móòdù kejì

Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò da á kún àpótí mọ́, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ni. Awọ sílíkónì tó nípọn tó mìlímítà márùn-ún, pẹ̀lú ìkarahun POP lẹ́yìn rẹ̀ láti gbé e dúró. Gíráàmù 900 ló gbà dípò kílò 2.4. Lójú tiwa, bó ṣe yẹ kí wọ́n ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn fún ohun pẹlẹbẹ tó tóbi báyìí.

Ìparí oṣù kẹta ni, ooru Abuja sì ti ń wọ 36°C lọ́sàn-án. Ooru ń yára mú sílíkónì dì: bó bá fi ìwọ̀n mẹ́wàá lé, àkókò tí èèyàn ní láti fi kùn ún máa ń sún mọ́ ìdajì. Nítorí náà aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n tó wà lára ike ni hádẹ́nà gíráàmù mẹ́ta sí sílíkónì ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan máa ń dín in kù sí méjì nígbà ooru, kò burú. Ohun tó burú ni kí wọ́n máa fi kún un nígbà ọyẹ́ kó lè yára, torí hádẹ́nà tó pọ̀ jù ń sọ móòdù di ẹlẹgẹ́, ó ń ya, ó sì ń sún kì jù. Nígbà ọyẹ́, gbígbẹ afẹ́fẹ́ ló ń fà á sẹ́yìn ju òtútù lọ, nítorí sílíkónì onítíìnì nílò ọ̀rinrin díẹ̀ láti dì. Àkísà tútù tí wọ́n fi kọ́ sí inú yàrá máa ń ràn án lọ́wọ́ ju hádẹ́nà àfikún lọ.

Wọ́n fi ìda oyin dí ihò igi náà, wọ́n fi fasilíìnì tẹ́ẹ́rẹ́ pa pílàíwúùdù abẹ́ rẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́: sílíkónì gíráàmù 200, hádẹ́nà gíráàmù mẹ́fà, láìfi ohun kankan mú un ki. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni wọ́n fi tì í wọ abẹ́ ikùn ẹṣin, àárín okùn gángan àti ihò imú, wọ́n sì ń fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ tó há jáde. Ìpele yìí ló ń mú gbogbo àwòrán, òun ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sùúrù ṣe. Wọ́n dúró títí tí ìka fi ń fi àmì sí i tí kò sì tẹ̀lé ìka mọ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Ìpele kejì jẹ́ gíráàmù 300, ìkẹta 400, wọ́n sì po ìyẹ̀fun sílíkà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ méjèèjì títí tó fi lè dúró lórí ibi tó dagun láìṣàn. Ìyẹ̀fun yìí fúyẹ́ gan-an, ó sì ń fò wọ imú, kí ẹni tó ń pò ó bo imú àti ẹnu. Wọ́n fi èyí tó ki jù dí gbogbo kòrò ẹ̀yìn awọ náà kó lè tẹ́jú, kí ìkarahun POP má baà há mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n po POP kílò mẹ́ta mọ́ omi lítà méjì, wọ́n fi fáíbà táwọn oníPOP ń lò sí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lé e ní sẹ̀ǹtímítà méjì. POP kì í lẹ̀ mọ́ sílíkónì, kò sí pé wọ́n ń fi òróró kankan pa á. Nígbà tó gbóná tó sì tún tutù, wọ́n gbé ìkarahun kúrò, wọ́n sì ṣí awọ náà láti igun. Ó jáde pẹ̀lú gbogbo ojú rẹ̀ láìsí ibi tó lẹ̀.

Rẹ́síìnì, àti wàhálà kejì

Ẹni tó ni gbọ̀ngàn ń pè lójoojúmọ́. Wọ́n da rẹ́síìnì sínú móòdù lọ́jọ́ náà gan-an, ojú ẹ̀dà méjì àkọ́kọ́ sì ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ẹ̀yìn wọn gbẹ, inú wọn le. Sílíkónì onítíìnì máa ń tú ọtí jáde bó ṣe ń dì, ọtí yìí sì ṣì ń jáde lára móòdù tuntun fún ọjọ́ mélòó kan. Rẹ́síìnì pọ́lísítà tó bá fara kàn án kò ní gbẹ dáadáa lójú. Wọ́n tẹ́ móòdù náà sínú ìkarahun rẹ̀, wọ́n gbé e sábẹ́ páànù tí oòrùn ń pa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀dà tó tẹ̀lé e gbẹ kanlẹ̀. Bí ẹ bá ní ọjọ́ méje, ẹ fún un ní méje.

Ìwọ̀n ẹ̀dà kan nìyí. Inú móòdù gba lítà 1.2. Rẹ́síìnì gíráàmù 940 àti ìyẹ̀fun kálísíọ́ọ̀mù gíráàmù 940, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ń rà, ló kún un, ẹ̀dà kan sì wúwo tó kílò 1.9. Kálísíọ́ọ̀mù ń dín owó kù, ó ń dín ooru kù, ó sì ń dín àsúnkì rẹ́síìnì kù, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gbẹ: wọ́n tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá nínú oòrùn kí wọ́n tó lò ó, torí ọ̀rinrin inú rẹ̀ náà ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ lẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ra ẹ̀tù idẹ sí gbogbo ojú móòdù, nǹkan bíi gíráàmù 15. Ẹ̀tù tó bá wà lójú báyìí ń dán bí idẹ ju èyí tí wọ́n po sínú rẹ́síìnì lọ, ó sì ń gba búrọ́ọ̀ṣì bàtà dáadáa nígbà tó bá jáde.

Wọ́n pín in sí dídà méjì, 470 sí 470, torí bí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ooru tí yóò mú wá lè la ẹ̀dà, yóò sì tètè jẹ móòdù. Kátálíìsì, ohun tó ń mú rẹ́síìnì dì, gíráàmù mẹ́rin ni wọ́n fi sí ìdajì kọ̀ọ̀kan, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ gbígbóná ó tó. Èyí tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ kì í jẹ́ kí rẹ́síìnì le tán. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ ti dì bí jẹ́lì tí ooru rẹ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀, wọ́n da ìkejì, wọ́n ki ìkọ́ wáyà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wákàtí méjì lẹ́yìn náà ó ṣeé ṣí. Mẹ́ta lóòjọ́ ni wọ́n ń dà, kí móòdù lè tutù láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ kátálíìsì gba ìkìlọ̀ tó le. Rẹ́síìnì tí wọ́n ń tà lọ́jà sábà ti ní kóbáàtì, èròjà tó ń mú kí kátálíìsì yára ṣiṣẹ́, nínú, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n díẹ̀. Bí kò bá ní, tí wọ́n fẹ́ fi kún un fúnra wọn, kóbáàtì ni kí wọ́n kọ́kọ́ pò wọ inú rẹ́síìnì pátápátá, kí kátálíìsì tó wọlé. Bí méjèèjì bá fara kanra láìsí rẹ́síìnì láàárín, iná tàbí ìbúgbàù ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kátálíìsì tó bá ta sójú lè fọ́ ojú. Kí wọ́n fi omi tó ń ṣàn fọ ojú náà fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí wọ́n sì gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí ilẹ̀kùn àti fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí sítóòfù má sí nítòsí.

Nígbà tí wọ́n fi dé ẹ̀dà kẹẹ̀ẹ́dógún lára àwọn tó gbẹ dáadáa, etí ẹnu ẹṣin nínú móòdù ti bẹ̀rẹ̀ sí í le, dídán rẹ̀ sì ti ń lọ. Styrene, èròjà olómi inú rẹ́síìnì, ló ń jẹ ẹ́, kò sí móòdù sílíkónì tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi wáàsì ra ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n jẹ́ kó sinmi mọ́jú, ó sì gbé mẹ́ta tó kù dé òpin láìya. Ẹ̀dà méjì tí ojú wọn lẹ̀ kò bá wọn lọ sí Gwarinpa, àfidípò wọn ni wọ́n kó lọ.

Móòdù náà wà nílẹ̀ báyìí nínú ìkarahun POP rẹ̀, ojú rẹ̀ kọ sókè, ọ̀kan lára ẹ̀dà tó lẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀ kó má baà tẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n fi asitóònì nù ún tó sì gbẹ tán. Wọ́n fi ọ̀dà kọ "TÍÌNÌ" sára rẹ̀. Àwọn ike, búrọ́ọ̀ṣì àti igi tí wọ́n fi pò ó wà nínú àpótí kan, ti platinum wà nínú òmíràn ní ìhà kejì yàrá, ìbọ̀wọ́ látẹ́ẹ̀sì kò sì wọ ibẹ̀ mọ́.